Má pín iṣẹ́ náà sí méjì

Àbúrò mi, mo ti ka dissertation, àròkọ tó o kọ lórí Les Bouts de bois de Dieu, ìwé ìtàn àròsọ tí Sembène Ousmane ará Senegal kọ lórí ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, mo sì rí ohun tí olùkọ́ yín kọ sí i pé o kàn ń sọ ìtàn ni. Òótọ́ ló sọ o. Nígbà tí mo ń kọ mémoire tèmi, iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá ní yunifásítì, bíro pupa ẹni tó ń darí mi ò mọ̀ ju "níbo?" àti "báwo?" lọ, gbólóhùn tí mi ò bá ti fi ibi tí mo ti rí i hàn, ó ti fagi lé e nìyẹn, omijé bọ́ lójú mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) yìí.

Tìẹ, o fi apá kan sọ̀rọ̀ olówó àti tálákà, o wá fi apá kejì sọ̀rọ̀ obìnrin, àfi bí ẹni pé ìwé méjì lo kà. Lọ wá ibi tí méjèèjì ti kan ara wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè béèrè owó ọmọ, ìyẹn owó ìrànwọ́ fún ìdílé, àwọn ọ̀gá òyìnbó ní àwọn ò san, pé ìyàwó wọn ti pọ̀ jù, àlè lásán ni wọ́n. Ṣó o rí i? Ọ̀rọ̀ owó ni, obìnrin ni wọ́n wá bú. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, torí èébú yẹn wà lára ohun tó gbé àwọn obìnrin láti Thiès fẹsẹ̀ rìn dé Dakar.

O ní akọni ni Penda, ẹni tó ṣáájú àwọn obìnrin nínú ìrìn yẹn. Akọni báwo? Mú ibi tó ti ń pín oúnjẹ, tí òṣìṣẹ́ kan fọwọ́ kàn án nídìí, tó sì fọ́ ọ létí níbẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn. Ẹni tí òyìnbó ń rẹ́ jẹ ló ń rẹ́ obìnrin jẹ yẹn o, ìwọ ò sì sọ ọ́ rárá! Ramatoulaye náà, ìyá ilé kan ní Dakar nínú ìwé náà, àgbò arákùnrin rẹ̀ tó rí jájẹ ló pa nígbà tébi ń pa ilé, ìyẹn ni pé nínú ẹbí kan náà olówó wà, tálákà wà.

Ìfáárá "láti ìgbà ìwásẹ̀" yẹn, jọ̀ọ́, pa á rẹ́. Kọ ọ́ pé ìyanṣẹ́lódì náà bẹ̀rẹ̀ ní October 1947, ó wọ 1948, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè Dahomey wa (Benin òde òní) náà sì bá wọn dá sí i. Ìtàn ìgbésí ayé Sembène, ìlà kan ti tó. Tí ààyè ò bá gba N'Deye Touti, ọmọbìnrin tó kàwé nínú ìtàn náà, fi í sílẹ̀.