A kì í pa igún: ta ló wá pa wọ́n?

Àbúrò wa kan béèrè ìtumọ̀ "a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí." Ó ní òun gbọ́ lórí rédíò pé ẹyẹ àjẹ́ ni igún, ìyẹn ni wọn kì í fi í pa á, àti pé àdúrà àwọn oníjọ ló lé wọn kúrò nígboro tá ò fi rí wọn mọ́. Ó tún ní ẹnì kan ní kóun wá orí igún wá kó lè fi ṣe awúre ọjà fóun, ṣé kóun lọ rà á.

Inú bí mi. Kì í ṣe sí ọmọ yìí o, òun béèrè kó lè mọ̀ ni, ẹni tó gbé máìkì dání tó ń da irọ́ sétí aráyé ni mò ń bá wí. Àdúrà ló lé igún lọ! Ṣé àdúrà náà ló wá gé orí ẹ̀ tó gbé e sórí àtẹ lékulẹ́ja?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ palẹ̀ ọ̀rọ̀ àjẹ́ mọ́. Ẹyẹ táwọn àgbà máa ń dárúkọ mọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹyẹ òru ni, òwìwí lẹ gbọ́ yẹn. Igún kì í jáde lóru. Tílẹ̀ bá ti ń ṣú ó ti wà lórí igi ńlá tó ń sùn, àárọ̀ tí oòrùn bá ti ń mú ló tó máa na apá méjèèjì sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, kí ìrì lè gbẹ lára ẹ̀. Àjẹ́ wo ló ń dúró lórí páànù odò ẹran lọ́sàn-án gangan níṣojú tọ́lọ́jà tọ́nraja?

N'Ísẹ́yìn ni wọ́n bí mi, agboolé alápatà, torí náà kì í ṣe inú ìwé ni mo ti mọ igún. Kí àwọn alápatà tó dé láàárọ̀ wọ́n á ti tò sórí páànù, ẹ ó máa gbọ́ èékánná wọn tó ń ha á. Wọn kì í ké bí àwọn ẹyẹ tó kù ṣe ń ké, àfi tí wọ́n bá ń jà lẹ ó gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan. Tí alápatà bá ju ẹ̀dọ̀fóró tó ti bàjẹ́ sílẹ̀, àbí ìfun, wọ́n á fò wálẹ̀, wọ́n á máa tọ pọ́n-ún pọ́n-ún bọ̀, ibẹ̀ lẹ ti máa rí nǹkan: ojú ẹ̀ tó funfun tẹ́lẹ̀ á ṣàdédé pọ́n, á pọ́n kankan, torí pé inú ń bí i, ó ń bá ẹnìkejì ẹ̀ du ẹran. Tí ìjà bá ti parí, ojú á tún padà sí bó ṣe wà. Ọmọdé tó bá sọ òkò lu igún níwájú àwọn alápatà, igbátí tó máa jẹ, kò ní gbàgbé. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ohun kan náà ló máa ń sọ: "Wolé-wolé tí ò gbowó oṣù lò ń sọ lókò yẹn, ṣé ìwọ lo máa wá bá wa jẹ ìfun tó ń rùn yìí?"

Gbólóhùn yẹn ni mo dì mú títí dòní, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi. Òfin ìmọ́tótó ni "a kì í pa igún." Ẹ rò ó wò, ìlú tí ò ní ọkọ̀ akólẹ̀, tí ò ní Izal, ẹran ń kú, ajá ń kú, wọ́n ń wọ́ òkú wọn lọ sí ààtàn lẹ́yìn ilé, oòrùn ń pa á, ta ló ń kó o? Ẹyẹ yìí ni. Ohun tó bá ti kú ló ń jẹ, tó bá jẹ ẹ́ tán, ibẹ̀ mọ́, eṣinṣin ò ríbi yé ẹyin sí. Ásíìdì tó wà nínú ikùn igún lágbára débi pé ó ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí tó máa ń gbé inú òkú ẹran, títí kan irú èyí tó ń fa anthrax, àrùn tó ń pa màlúù àtèèyàn. Nǹkan tó máa pa èmi àti ẹ̀yin, oúnjẹ àárọ̀ ni fún un. Àwọn àgbà ò mọ ásíìdì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ibi tígún bá wà àrùn ò fi bẹ́ẹ̀ jà, nígbà tí wọn ò sì ní ọlọ́pàá tó máa ṣọ́ igún, wọ́n sọ ọ́ di èèwọ̀. Èèwọ̀ ń ṣọ́ ara ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ní mo kàn ń fi òye gbé e, ẹ wo Íńdíà. Àwọn igún tiwọn pọ̀ bíi nǹkan míì, nígbà tó di àwọn ọdún 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ rẹrẹ, wọn ò mọ ohun tó ń pa wọ́n. Ọdún 2004 ni wọ́n tó rí i pé oògùn ara-ríro ni, diclofenac, tí wọ́n ń fún màlúù. Tí màlúù bá kú tígún jẹ ẹ́, kíndìnrín ẹ̀ á daṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2006 ni ìjọba Íńdíà fòfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn, ó ti bọ́ sórí. Òkú màlúù wá ń jẹrà káàkiri, ajá ìgboro ń pọ̀ sí i, dìgbòlugi tẹ̀lé e. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì ṣírò ẹ̀, wọ́n gbé e jáde ní 2024: láàárín 2000 sí 2005, àwọn èèyàn tó kú ní Íńdíà torí pé igún ò sí mọ́ tó bí 500,000. Èèyàn ni mo wí o, kì í ṣe ẹyẹ. Ṣé ẹ wá rí ohun tí bàbá alápatà n'Ísẹ́yìn ń sọ láìlọ sí yunifásítì?

Ó ku "a kì í fi igún bọrí." Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í sọ, wọ́n á ní torí pé igún rùn ni orí ò fi gbà á. Rárá o. Àwọn àgbà ní, "bí a ò bá rí igún a ò gbọdọ̀ ṣebọ, bí a ò bá rí àkàlàmàgbò a ò gbọdọ̀ ṣorò." Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, igún ló ń gba ẹbọ. Tí wọ́n bá gbé ẹbọ sí oríta, epo, ẹran, ẹ̀kọ, ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n padà lọ wò ó tí igún ti jẹ ẹ́, inú wọn á dùn, ẹbọ ti fín nìyẹn, ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ní kí wọ́n fún. Tí kò bá jẹ ẹ́ ńkọ́? Ẹbọ á dúró sí oríta, á máa kẹ̀, ìdin á bò ó, gbogbo ẹni tó ń kọjá á máa bo imú. Ẹni tó wá ń gbé ẹbọ lọ fún ẹ, ṣé òun lo máa mú pa bọrí? Ta ló máa wá bá ẹ gbé èyí tó kù lọ? Gbogbo ètò ẹbọ Yorùbá, ẹni tó máa palẹ̀ ẹ̀ mọ́ ti wà nínú ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àwa tá à ń ṣe é lónìí la ò ní ẹnì kankan tó ń palẹ̀ mọ́, oríta wá di ààtàn, a tún ń bínú sí àwọn tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí yé jù wá lọ. Igún tiwa ò sí lọ́hùn-ún, ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní aura tiñosa ni wọ́n bá, orí tiẹ̀ náà pá, àmọ́ kò bá igún wa tan tímọ́tímọ́. Iṣẹ́ ẹ̀ ni wọ́n wò, wọ́n gbé oyè igún fún un. Wọ́n ní Ọ̀ṣun kan tí wọ́n ń pè ní Ibú Kolé, ẹyẹ yìí ni tiẹ̀, wọ́n sì máa ń pa á nítàn pé nígbà tí ọ̀dá fẹ́ pa ayé run, Ọ̀ṣun di ẹyẹ arẹwà, ó fò lọ bẹ̀bẹ̀ lọ́run, oòrùn jó ìyẹ́ ẹ̀ dúdú, ó jó orí ẹ̀ pá, kó tó jíṣẹ́ kí òjò tó rọ̀. Lókè òkun lọ́hùn-ún igún ń gba ọ̀wọ̀, nílé níbí wọ́n ń gé orí ẹ̀ tà.

"Gúnnugún kì í kú léwe" náà ń kọ́? Ẹ má fi ọ̀rọ̀ pé ó ń lo 300 ọdún dà mí láàmú, kò sí ẹyẹ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi rèé. Ta ló ti rí ọmọ igún rí nínú yín? Ẹyin kan ṣoṣo ni ìyá ń yé lẹ́ẹ̀kan, lókè téńté igi ńlá, á sàba lé e bí ọ̀sẹ̀ méje, tó bá pa á tán ọmọ á tún jókòó sínú ìtẹ́ bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó fò. Ọjọ́ tó bá máa kọ́kọ́ balẹ̀ sí odò ẹran ó ti tó ìyá ẹ̀. Torí náà òkú igún tẹ́nikẹ́ni bá rí nílẹ̀, òkú àgbà ni. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fi ń wúre fọ́mọ. Àmọ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà: ẹyẹ tó ń bí ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, tí ọmọ ẹ̀ ò tètè dàgbà, tẹ́ ẹ bá pa mẹ́wàá lọ́dún kan ládùúgbò kan, ìgbà wo ni wọ́n máa bí i padà? Adìẹ kọ́ ni.

Ẹ wá béèrè ibi tí wọ́n lọ. Ní 2015, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣọ́ bí ẹranko àti ẹyẹ ṣe kù sí, gbé igún wa yìí sí ìpele tó kángun sí àparun pátápátá. Ìwádìí tó jáde ní 2016 ní iye wọn ní Áfíríkà ti wálẹ̀ ju 80 nínú 100 lọ láàárín ìran igún mẹ́ta. Wọ́n tún wo ikú gbogbo oríṣi igún tó ní àkọsílẹ̀ ní Áfíríkà: bí 61 nínú 100 jẹ́ ti májèlé, bí 29 jẹ́ ti àwọn tó ń fi wọ́n ṣoògùn. Májèlé yìí kì í fìgbà gbogbo jẹ́ fún igún, ẹnì kan lè fi kẹ́míkà sínú ẹran torí ajá tàbí ìkookò tó ń pa ẹran ẹ̀, igún á jẹ òkú ẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ìgbà míì wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni. Ní Guinea-Bissau, ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà níbí, ní 2020, ohun tó lé ní 2,000 igún ló kú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì bá òkú àwọn kan tí orí ti kúrò lọ́rùn. Orí ni wọ́n ń wá.

Kí n má sì parọ́, kì í ṣe oníṣègùn nìkan. Àwọn àràbà àti ìrókò tí wọ́n ń tẹ́ ìtẹ́ sí, a ti fi la pákó. Odídẹrẹ́ náà ti di ọ̀wọ́n nínú igbó wa, wọ́n kó o tà sókè òkun títí tí wọ́n fi gbé òfin tó le jù dè é ní 2016, ẹni tó bá fẹ́ ìkóódẹ gidi lónìí ó máa wá a tì.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àwa Yorùbá la ní èèyàn ò gbọdọ̀ pa á, àwa náà la wá ń rà á. Tọ́mọ ọdún ogún bá wúre "o ò ní kú léwe, gúnnugún kì í kú léwe," ẹ bi í bí gúnnugún ṣe rí, á na fóònù sí yín, á fi àwòrán igún Amẹ́ríkà hàn yín. Àjọ NCF tó wà ní Lẹ́kì n'Ékòó, àwọn tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko, ti ń bá àwọn oníṣègùn sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi ewé rọ́pò ẹ̀yà ara igún nínú iṣẹ́ wọn, mo sì gbọ́ táwọn kan ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà pé ewé ò lè ṣiṣẹ́ igún. Ta ló sọ fún wọn? Ewé ló pọ̀ jù nínú ìṣègùn Yorùbá láti ilẹ̀, lékulẹ́ja ló ń jẹ èrè lórí orí ẹyẹ.

Ó wá ku ìwọ àbúrò mi tí wọ́n ní kó o mú orí igún wá. Má rà á. Ẹni tó rán ẹ níṣẹ́ yẹn, bi í bóyá òun náà ti gbọ́ "a kì í fi igún bọrí" rí. Tó bá ní òun ò gbọ́ ọ rí, kì í ṣe oníṣègùn, gba owó ẹ padà. Tó bá ní òun gbọ́ ọ, bi í pé èèwọ̀ ta ló fẹ́ kó o jẹ lé orí ara ẹ torí ọjà. Owó orí igún yẹn, fi kún owó ọjà ẹ, kó o sì tọ́jú iwájú ìsọ̀ ẹ kó mọ́.