Ṣé kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru fi àdín rọ́pò epo pupa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 54 ni mí, mo sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi epo pupa sílẹ̀, kí n máa fi àdín se ọbẹ̀, pé ó ṣàn ju epo pupa lọ, àti pé òun ni wọ́n fi wo gìrì fún wa ní kékeré. Ṣé kí n tẹ̀ lé e?

Ìdáhùn: Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ẹyìn kan náà ni epo méjèèjì ti ń wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara ẹran ẹyìn ni a ti ń fún epo pupa, inú èkùrọ́ tí a pa tí a sì dín nínú ìkòkò ni àdín ti ń jáde, ohun tó wà nínú wọn sì jìnnà síra.

Ọ̀rá tí àwa onímọ̀ oúnjẹ ń pè ní saturated, èyí tó máa ń mú kí kọlẹ́sítẹ́róòlù LDL (irú tí kò dára, tó ń dí òpó ẹ̀jẹ̀) pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kó nǹkan bí ìdajì epo pupa. Nínú àdín, ó tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kó lé. Lára ọ̀rá saturated yìí, lauric acid nìkan kó bí ìdá 48, myristic acid bí ìdá 16, nígbà tí oleic acid, ọ̀rá tí kì í ṣe saturated, tó sàn fún ọkàn, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 40 nínú epo pupa, kò ju bí ìdá 15 lọ. Lóòótọ́, lauric acid a máa gbé HDL, kọlẹ́sítẹ́róòlù tó dára, sókè pẹ̀lú, ṣùgbọ́n n kò ní torí ìyẹn fi LDL kún ẹrù ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ti ṣíṣàn tí ẹ̀gbọ́n yín wí, òun gan-an ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Bí ẹ bá gbé ìgò méjèèjì kalẹ̀ lọ́sàn-án gangan, àdín á mọ́, á máa dà ṣooro, nígbà tí epo pupa ṣì ní gẹdẹgẹdẹ nísàlẹ̀. Ìyẹn kò fi hàn pé ọ̀rá saturated inú rẹ̀ kéré: ọ̀rá dà bí ẹ̀wọ̀n tí èròjà kábọ́ọ̀nù so kọ́ra, 12 péré ló wà nínú lauric acid, 16 ló wà nínú palmitic acid, ọ̀rá saturated ti epo pupa, èyí tó kúrú ló sì ń tètè yọ́. Lówùúrọ̀ ọyẹ́, àdín yẹn kan náà á dì gbagidi.

Ṣíbí ìjẹun kan àdín ní bíi gíráàmù 11 ọ̀rá saturated. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọ̀rá yìí má kọjá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa, tí í ṣe bíi gíráàmù 22 fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000. Ṣíbí méjì ti gbà á tán, a ò tíì ka ẹran.

Ẹ dúró ti epo pupa, ṣùgbọ́n kí ẹ máa fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, kí ẹ má sì yọ́ ọ títí yóò fi funfun, nítorí pé carotene, èròjà tó mú kó pọ́n, tí ara ń sọ di fítámì A, á jóná dànù.

Ẹ lè máa fi àdín pa ara àti irun. Ti gìrì, mo rọ̀ yín gidigidi: ẹ má rọ àdín sẹ́nu ọmọ tí gìrì mú, nítorí ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà lélẹ̀, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.