Kí ni “mímú” ẹnu nínú òwe “ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè”?

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn níbí, ló béèrè pé: “Bàbá mi fẹ́ràn òwe kan púpọ̀: ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tún ń sọ fún wa pé Kristẹni kì í fèsì. Ṣé ohun kan náà ni wọ́n ń sọ? Oníbàárà mi kan ra aṣọ láwìn, kò san, ó tún ń bú mi. Mo ń dákẹ́ nítorí Jésù, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Àti pé, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni èébú tí àwa ọmọ Ìbàdàn fi ń ṣeré?”

Ẹ kú ọjà o, mà. Kì í ṣe ohun kan náà. Inú mi dùn pé ẹ béèrè, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló ń fi ìdákẹ́ jẹ ara wa níyà, tí a ń pè é ní ìwà mímọ́.

Ẹ jẹ́ ká tú òwe bàbá yín wò. “Àìmẹ́nu” ni àì-mú-ẹnu, “àìmétè” ni àì-mú-ètè. “Mú” ló wà níbẹ̀, bí ẹni mú okùn ewúrẹ́ lọ́wọ́ kó má baà wọ oko olóko. Àwọn àgbà mọ “dákẹ́”, wọ́n mọ “panu mọ́”, wọ́n mọ “dẹ́nu dé”. Wọn ò fi ìkankan nínú wọn sí òwe yìí. Ewúrẹ́ tí a mú lókùn ṣì ń rìn, ó ṣì ń jẹko. Ọwọ́ wa ni ibi tó ń lọ wà.

Ẹ tún wo ẹni tí ìyà jẹ níbẹ̀. Ẹnu ló sọ̀rọ̀, ètè ló ṣílẹ̀kùn fún un, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló gba ìgbátí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀! Ibi tí òwe náà ti ń gún mi lọ́kàn nìyẹn. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wọ Micra láti Ìwó Ròódù, mò ń lọ sí Challenge, ọmọ mi ọkùnrin wà lórí itan mi, kò tí ì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Awakọ̀ kọ̀, kò fún mi ní ṣéńjì. Mo bú u, mo bú ìyá tó bí i, mo sọ̀kalẹ̀, mo sì gbàgbé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọmọ yẹn bínú sí ẹgbẹ́ ẹ̀ ní kíláàsì àwọn ọmọdé, ó sì bú u bí mo ṣe bú awakọ̀ gan-an, tòun ti ohùn tí mo fi bú u. Nígbà tí mo lọ mú un, orí ìkúnlẹ̀ ni mo bá a, omi ń dà lójú ẹ̀, ó ń wò mí, kò mọ ohun tó ṣe. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi nìyẹn, mà. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òwe yẹn, ojú ọmọ náà ni mo ń rí.

Bíbélì náà bá òwe yìí mu ju bí a ṣe ń rò lọ. Nínú Jákọ́bù orí 3, kí àpọ́sítélì tó dárúkọ iná tàbí májèlé, ẹṣin ló kọ́kọ́ mẹ́nu bà: a fi ìjánu bọ̀ ọ́ lẹ́nu, odidi ara ẹ̀ sì ń tẹ̀ lé wa. Ìjánu ni irin tó ń wà lẹ́nu ẹṣin, tí a so okùn mọ́. Nígbà tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣáájú wọn, tí odidi ẹ̀ sì jáde ní 1884, dé ibi èso ti Ẹ̀mí nínú Gálátíà orí 5, “ìkóra-ẹni-níjàánu” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nínú èdè Yorùbá, kì í ṣe ẹnu nìkan là ń kó níjàánu, ẹni náà lódindi ni. Síbẹ̀, ẹnu ni irin náà ń gbà wọlé. Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn, àwọn balógun wa gẹṣin lọ sójú ogun. Wọn ò so ẹṣin mọ́lẹ̀ nílé nítorí pé ó lè ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú wọn. Wọ́n fi ìjánu sí i lẹ́nu, wọ́n sì gùn ún.

Ó wá ku “Kristẹni kì í fèsì” tí wọ́n ń sọ fún yín. Ẹ ṣí Jòhánù orí 18. Wọ́n mú Jésù lọ síwájú Ánásì, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ gbá a létí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ gan-an ni wọ́n gbá, mà! Jésù ò dákẹ́. Ó ní bí òun bá sọ ohun tí kò dára, kí ọkùnrin náà jẹ́rìí sí i. Bí ó bá sì jẹ́ rere ni òun sọ, kí ló dé tó fi ń lu òun? Kò bú u, kò ṣépè fún un, kò sì gbà pé òun jẹ̀bi. Nínú Lúùkù orí 23, ó dé iwájú Hẹ́rọ́dù, ìyẹn bi í ní ìbéèrè títí, kò dá a lóhùn ẹyọ kan. Ẹnu kan náà ni, àárín wákàtí díẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ níbi tó yẹ, ó dákẹ́ níbi tó yẹ.

Ẹ wá fi ti Pọ́ọ̀lù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 23 wé e. Àlùfáà àgbà Ananáyà ní kí wọ́n gbá a lẹ́nu. Pọ́ọ̀lù fún un lésì lójú ẹsẹ̀, ó pè é ní ògiri tí wọ́n kùn lẹ́fun, ó ní Ọlọ́run yóò lu Ananáyà náà. Wọ́n bi í pé ṣé olórí àlùfáà Ọlọ́run lò ń bú. Pọ́ọ̀lù ní òun ò mọ̀ pé olórí àlùfáà ni, ó sì fẹnu ara ẹ̀ ka òfin tí kò jẹ́ ká sọ̀rọ̀ olórí àwọn ènìyàn ní búburú. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn gidigidi. Ìjánu bọ́ lẹ́nu àpọ́sítélì fúngbà díẹ̀, ó sì tún un mú níṣojú gbogbo ìgbìmọ̀. Ẹni tó ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ náà ṣì lè mú ẹnu ẹ̀.

Ní ti èébú wa, àwọn tó ń sọ pé aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wá, Ìbàdàn ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ Láyípo. Àwọn baba wa mọ̀ pé èébú léwu. Ẹ wo ọdún Òkè'Bàdàn: a ò dáná, a ò nájà, àwọn ọ̀dọ́ ń kọrin èébú tó ń dárúkọ ohun tí a kì í dárúkọ, ẹni tí wọ́n bú kò sì gbọdọ̀ bínú. Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, tí ẹnìkan gbé orin yẹn lọ síwájú ilé ẹlòmíì, ìjà dé. Wọ́n ṣọgbà yí èébú ká. Èmi ò bá wọn kọ ọ́, nítorí Jákọ́bù ní láti ẹnu kan náà ni ìyìn àti èébú ti ń jáde, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Kristẹni tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn, tó sì ń bú ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò ní ọgbà kankan ní tiẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ tí ọ̀rẹ́ fi ń pe ọ̀rẹ́ lórí-ńlá, tí àwọn méjèèjì jọ ń rẹ́rìn-ín, mi ò kà á sẹ́ṣẹ̀. Bí ẹ̀rín bá kù sẹ́nu ẹyọ ẹnìkan, ó ti kúrò ní ẹ̀fẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oníbàárà yín ló kù. Ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má sọ ọ́ létí ọjà, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sì dárúkọ iye náà gan-an: “Màmá, ẹgbẹ̀rún méjìlá ló kù nínú owó aṣọ yín. Oṣù tó kọjá la jọ ṣàdéhùn sí. Ọjọ́ wo ni mo lè retí ẹ̀?” Kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ jẹ́ kó dáhùn. Ẹ má fi ti ọkọ ẹ̀ kún un, ẹ má fi ti gbèsè tó jẹ àwọn aláṣọ yòókù kún un. Bó bá bú yín, ẹ ní “owó mi ni mo béèrè, mà.” Bó bá tún bú yín, ẹ lọ sọ fún ìyálọ́jà, ẹ má sì tà fún un láwìn mọ́.