Sáfà backup wà nínú VM, kò rí téèpù: kí ni ṣíṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Utako, l'Ábújá níbí. Sáfà ńlá kan ṣoṣo la ní. VMware ESXi, ètò tó ń pín sáfà kan sí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà (VM), ló wà lórí rẹ̀, inú ọ̀kan nínú àwọn VM náà sì ni Veeam, ètò tí a fi ń ṣe backup (ẹ̀dà ìpamọ́ dátà), wà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ LTO-8 tó ń kọ backup sórí téèpù, oníwáyà SAS (irú wáyà tí sáfà fi ń bá dísíìkì àti téèpù sọ̀rọ̀). Mo so ó mọ́ ẹ̀yìn sáfà náà, iná rẹ̀ tàn, ṣùgbọ́n Windows inú VM kò rí i rárá. Báwo ni kí n ṣe mú un wọlé?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú ilé ìwòsàn. Ọ̀nà wà láti mú un wọlé, màá sì sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, bí agbára bá ká a, ẹ má ṣe so téèpù yẹn mọ́ sáfà tó gbé àwọn VM yín. Torí ọjọ́ tí sáfà bá jóná, tàbí tí àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti gbogbo fáìlì yín pa tí wọ́n ń bèèrè owó ìtúsílẹ̀, ni ẹ ṣe ra téèpù. Bí ara sáfà tó kú náà ni téèpù so mọ́, ẹ ó kọ́kọ́ tún sáfà ṣe, ẹ ó tún ESXi gbé sórí rẹ̀, ẹ ó tún VM dá, kí ẹ tó lè ka fáìlì kan. Gbogbo àkókò yẹn, àwọn aláìsàn wà ní ìjókòó, dókítà kò rí àkọsílẹ̀ wọn.

Ìdí tí Windows kò fi rí i kò le. ESXi ló ń ṣe dísíìkì àti káàdì nẹ́tíwọ̀kì tí VM ń lò. Ṣùgbọ́n kì í dá téèpù sílẹ̀ fún VM. Ohun tí ẹ so mọ́ ẹ̀yìn sáfà, ọwọ́ ESXi ló wà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ wá sáfà kékeré kan, tòkunbọ̀ tó dáa láti ọjà Banex ní Wuse 2 tó, kí ẹ fi káàdì SAS HBA (káàdì tí wáyà téèpù ń wọ̀) sínú rẹ̀. HBA lásán ni o, kì í ṣe káàdì RAID (èyí tó ń so dísíìkì púpọ̀ pọ̀ bí ọ̀kan), nítorí ọ̀pọ̀ káàdì RAID ni kì í jẹ́ kí téèpù kọjá. Ẹ gbé Windows lé e, kí ẹ lọ sínú Veeam, ní Tape Infrastructure, kí ẹ fi sáfà kékeré náà kún un gẹ́gẹ́ bíi tape server. Veeam inú VM ni yóò máa pàṣẹ, sáfà kékeré ni yóò máa kọ téèpù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀kì. LTO-8 lè kọ ohun tó tó 360 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan (àwọn oníwọ̀n kékeré ń kọ 300 MB), wáyà 1 Gbps kò sì lè gbé ju bíi 110 MB lọ. Téèpù kò mọ bí a ti ń dúró de dátà. Bí dátà bá fà sẹ́yìn ju bó ṣe lè fara dà lọ, yóò dúró, yóò yí padà sẹ́yìn, yóò tún bẹ̀rẹ̀, bí ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya, èyí sì ń jẹ téèpù àti orí tó ń kọ ọ́. Téèpù kan tó gba 12 TB, bíi wákàtí 9 ni lórí 360 MB. Lórí 110 MB, ó lé ní wákàtí 30. Ẹ ra káàdì 10 Gbps méjì, kí ẹ fi wáyà so sáfà méjèèjì pọ̀ tààrà. Ẹ ò nílò switch (àpótí tó ń pín nẹ́tíwọ̀kì) olówó ńlá.

Bí owó kò bá sí báyìí, ẹ lè fa káàdì HBA náà lódindi wọ inú VM. Ẹ tan VT-d (ohun tó ń jẹ́ kí VM lè lo káàdì gan-an) nínú BIOS, ètò ìbẹ̀rẹ̀ sáfà, ẹ sàmì passthrough (kí káàdì lọ tààrà sí VM) sí káàdì náà nínú ESXi, ẹ fi kún VM gẹ́gẹ́ bíi PCI device, kí ẹ sì ya gbogbo mẹ́mórì VM náà sọ́tọ̀ fún un. Káàdì yẹn kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí dísíìkì ESXi fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ẹ ó pàdánù: VM náà kò ní lè ṣe snapshot (ẹ̀dà ipò VM ní àkókò kan) mọ́, kò sì ní lè ṣí lọ sórí sáfà mìíràn pẹ̀lú vMotion. Ẹ máa tan téèpù ṣáájú sáfà. Ọ̀nà iSCSI (fífi téèpù hàn lórí nẹ́tíwọ̀kì) náà wà, ṣùgbọ́n ó tún fẹ́ kọ̀ǹpútà kejì, nítorí náà tape server ló sàn.

Àkọsílẹ̀ ìlera ni ẹ ń kọ, òfin Nigeria Data Protection Act ti 2023 sì kan yín. Ẹ tan encryption Veeam (títi dátà pa pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà), kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sí ibi tí kì í ṣe inú sáfà. Eruku ọyẹ́ kò mojú téèpù: ẹ dí ojú fèrèsé yàrá náà, ẹ má sì jẹ́ kí katiriji tí ń nu orí téèpù tán lọ́wọ́ yín. Téèpù tí ẹ bá gbé kúrò nílé ìwòsàn, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò lóòrùn.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti so kọ́, ẹ fi Veeam tuntun sórí sáfà kékeré náà ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, láì fọwọ́ kan VM yín. Ẹ ti téèpù bọ̀ ọ́, ẹ tẹ Catalog (kí Veeam ka ohun tó wà lórí téèpù), ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí i, kí ẹ fa VM kan padà. Bí ẹ bá ní kí fáìlì kọ́kọ́ bọ́ sórí dísíìkì kí VM tó dìde, dísíìkì sáfà kékeré náà gbọ́dọ̀ ní àyè tó tó fún un.