Èsì: Ṣé Ìjọ Àgùdà ti fọwọ́ sí ìkọ̀sílẹ̀ ni?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bí Ireland, ilẹ̀ àwọn Àgùdà, ṣe dìbò gba ìkọ̀sílẹ̀ wọlé, ṣé Ìjọ náà ti gbà nìyẹn? Rárá o. Òfin ìlú ni wọ́n dìbò lé lórí.

Ní 1986, àwọn ará Ireland dìbò, wọ́n kọ ìkọ̀sílẹ̀ jálẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 1995, àwọn bíṣọ́ọ̀bù tún ní kí wọ́n kọ̀ ọ́, àmọ́ àwọn tó fọwọ́ sí i fi ìbò 9,114 péré borí, nínú ìbò tó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀! Ẹ wo bó ṣe bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Lójú Ìjọ, ìgbéyàwó tó fìdí múlẹ̀ láàárín ẹni méjì tó ti ṣèrìbọmi, tí wọ́n sì ti jọ sùn, ikú nìkan ló lè tú u. Adájọ́ lè pín ilé àti owó, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ.

Ní 2019, wọ́n tún dìbò láti mú kí ìkọ̀sílẹ̀ rọrùn sí i, ìdá 82 nínú 100 ló sì fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, tí ẹni tó kọ aya sílẹ̀ ní kóòtù Dublin bá tọ fádà lọ pé òun fẹ́ gbé ìyàwó mìíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí tàkọ́kọ́ sì wà láàyè, fádà á béèrè ìwé kóòtù Ìjọ tó fi hàn pé ti àkọ́kọ́ kò fìdí múlẹ̀ rárá, bóyá torí pé wọ́n fipá mú ọ̀kan nínú wọn.