Mángòrò Pọ̀ Ju Ẹnu Lọ, Kí Ni Ká Fi Ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Igi mángòrò wa so gan-an, gbogbo rẹ̀ sì ń pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. A ti jẹ ẹ́ débi tó sú wa, a ti fún àwọn ará ilé kejì, síbẹ̀ apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ló ṣì kù nílẹ̀. Mo fẹ́ fi se jáàmù, àmọ́ mi ò lè sè é tán kó tó bàjẹ́. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí jáàmù dúró ná. Ẹ kọ́kọ́ ṣà wọ́n, lónìí gan-an. Èso tó ti pọ́n máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó ń jẹ́ ethylene, òun ló ń mú kí àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ tètè pọ́n. Ẹ kó àwọn tó ṣì le lọ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ má kó wọn sí fìríìjì o, torí òtútù máa ń ba èyí tí kò tíì pọ́n jẹ́: awọ rẹ̀ á dúdú, kò sì ní dùn. Èyí tó ti pọ́n ló ń lọ sí fìríìjì, láìfọ̀ ọ́, àfi tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́. Èyí tó fara pa, ẹ gé ibẹ̀ dànù, kí ẹ lo ìyókù lónìí. Èyí tó bá ti bu, ẹ jù ú nù pátápátá.

Lójú tèmi, fìríìsà ló máa gbà yín, torí èso tó ti dì ṣì ṣeé fi se jáàmù nígbà tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀. Ẹ bó o, ẹ gé e kúrò lára kóró, kí ẹ tò ó sórí tíréè láìjẹ́ kí wọ́n fara kanra. Ìgbà tó bá gan tán ni kí ẹ tó dà á sínú ọ̀rá, kí ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Tí ẹ bá kàn rọ́ ọ sínú ọ̀rá bẹ́ẹ̀, odidi kan ló máa dì sí, ẹ ò sì ní rí ìwọ̀nba mú níbẹ̀. Ní -18°C, ó lè wà dáadáa fún oṣù 8 sí 12. Tó bá yọ́, ó máa rọ̀, torí náà lílọ̀ àti sísè ló dára fún.

Ní ti jáàmù, ìkòkò kékeré ni kí ẹ máa lò. Èyí tó pọ̀ jù máa ń pẹ́ lórí iná, àwọ̀ rẹ̀ á dúdú, adùn rẹ̀ á sì lọ. Mángòrò tó pọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ kan, nítorí náà ẹ fún omi lẹ́mọ́ọ̀nù sí i kó lè dì. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé àwo pẹrẹsẹ kékeré kan sí fìríìsà. Tí jáàmù bá ń hó kíkankíkan, tó sì ń ki, ẹ kán díẹ̀ sórí àwo náà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi ìka tì í. Tí ojú rẹ̀ bá hunjọ, ó ti jinná. Tó bá ṣàn, ẹ dá a padà síná. Ṣúgà ló ń jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀: ẹni tó bá dín in kù, inú fìríìjì ni kó tọ́jú rẹ̀ sí.

Tí fìríìsà bá kún, ẹ gé ìyókù ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ gbẹ ẹ́ nínú ófùn ní nǹkan bíi 60°C. Tó bá tutù, ẹ dà á sínú ìgò, ẹ dé e, kí ẹ máa mì í lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí ẹ bá rí omi lára ìgò, kò tíì gbẹ tó, ẹ dá a padà sínú ófùn.