Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Léèrè: "Físíìsì ni mo kà, àwọn arúgbó ni mò ń wẹ̀"

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Olùkọ́ Físíìsì ni mí ní Nàìjíríà, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ SS1 dé SS3. B.Sc.(Ed) ni mo gbà, orúkọ mi sì wà lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Oṣù kẹwàá 2023 ni èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa méjì dé Leicester, físà iṣẹ́ kéà ni mo gbà wá. Láti ìgbà náà, àwọn arúgbó ni mò ń wẹ̀, tí mò ń pààrọ̀ páḿpásì fún, tí mò ń gbé láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga. Mi ò fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ náà. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ iná mànàmáná rí. Bí mo bá ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tí oorun ò kun bàbá, ọ̀rọ̀ transformer la jọ máa ń sọ. Ìyẹn nìkan ni Físíìsì tó kù láyé mi. Lóṣù tó kọjá, bàbá ní kí n rán òun létí ohun tí Lenz's law sọ. Mo wá a nínú orí mi títí, mi ò rí i. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo lọ sunkún sí.

Ẹnìkan ní kí n lọ ka PGCE, ẹ̀kọ́ yunifásítì tí wọ́n fi ń kọ́ olùkọ́ níbí, láti ìbẹ̀rẹ̀. Òmíràn ní £41,700 lọ́dún ni owó oṣù èèyàn gbọ́dọ̀ tó báyìí kó tó rí físà, pé kò sí olùkọ́ tuntun tó ń gba iye yẹn, kí n gbàgbé ẹ̀. Físà mi máa tán ní oṣù kẹwàá 2026. Mọ́níjà wa ò tiẹ̀ fún mi ní wákàtí tó pé mọ́. Ó ń ṣe mí bíi kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, kí n jókòó wá iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ sì wo ìyá mi o: wọ́n ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé dókítà ni mí, torí mo sọ fún wọn pé iṣẹ́ ìlera ni mò ń ṣe. Kí ni kí n ṣe?
— *Olùkọ́ tó ń ṣe kéà*

Èsì: Àbúrò mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó lè ba nǹkan jẹ́ lọ́la. Má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Tí agbanisíṣẹ́ rẹ bá ti jẹ́ kí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó físà, mọ̀ pé o ti lọ, wọ́n á gé físà rẹ kúrú. Ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn láti wá sponsor mìíràn (agbanisíṣẹ́ tí ìjọba fún láṣẹ láti gba àjèjì síṣẹ́) tàbí kó kẹ́rù ẹ̀. Ìyàwó àtàwọn ọmọ náà sì so mọ́ físà kan náà. Kí ilé ìwé tó pè ọ́, kí wọ́n tó wò ọ́ níwájú kíláàsì, kí wọ́n tó fún ọ ní COS, ìyẹn ìwé tí sponsor máa ń fún èèyàn láti fi gba físà, ọjọ́ 60 á ti wọ́ lọ. Bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. COS ni èkù idà tìrẹ.

Ẹni tó rán ọ lọ ka PGCE ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejì 2023. Ìgbà yẹn ni Department for Education ṣílẹ̀kùn fún àwọn olùkọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà, Ghana, South Africa, Zimbabwe àtàwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan mìíràn láti béèrè fún QTS, ìyẹn ìwé àṣẹ olùkọ́ ní England, tààrà, láìpadà sí yunifásítì. Àmọ́ wọ́n fi ìlà sí i fún wa: àfi ẹni tó kọ́ṣẹ́ láti kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16 ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè ilẹ̀ òkèèrè. Físíìsì rẹ wà nínú ẹ̀. (Ẹ̀yin olùkọ́ Government àti CRK tó ń ka èyí, ẹ má bínú sí mi, èmi kọ́ ni mo fa ìlà náà.) Orí GOV.UK lo ti máa forúkọ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kó o mówó wá kóun bá ọ gba QTS, ó fẹ́ jẹun ni. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì rẹ àti transcript wà lọ́wọ́ rẹ, mo gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà TRCN tó máa sọ pé olùkọ́ tí kò lábàwọ́n ni ọ́ ni kó o tètè dìde sí, torí ọwọ́ ẹlòmíràn nìyẹn wà. Òní ni kó o kọ̀wé sí wọn.

Ọ̀rọ̀ £41,700 ńkọ́? Òótọ́ ni iye náà, láti oṣù keje 2025 ló ti wà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n owó oṣù tí ìjọba là sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ ni wọ́n fi ń wọn olùkọ́, wọn ò fi £41,700 wọ̀n ọ́n. Olùkọ́ tuntun tó ní QTS níta London ń bẹ̀rẹ̀ lórí £32,916 láti oṣù kẹsàn-án 2025. Olùkọ́ Físíìsì sì wọ́n gan-an ní England: ọdún púpọ̀ ni ìjọba ti ń wá iye tó fẹ́ kọ́ níṣẹ́ tí ò rí i, olùkọ́ Bàọ́lọ́jì ló ń bá wọn kọ́ ọ níbòmíràn. Kí o tó kọ̀wé sí ilé ìwé kankan, yẹ ìwé orúkọ àwọn sponsor wò lórí GOV.UK kan náà, kó o má baà fi òru rẹ ṣòfò lórí ilé ìwé tí ò ní láísẹ́ǹsì.

Mo fẹ́ sọ ti ara mi, torí ó jọ mí pé ibi tó o rò pé wàá ti ṣubú kọ́ lo ti máa ṣubú. Kẹ́místrì lèmi kà. Mo ṣe ọdún méjì nílé ìkẹ́rùsí kan, mò ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù lóru, kí ilé ìwé kan tó pè mí ní 2009. Wọ́n ní kí n kọ́ kíláàsì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Títrésọ̀n ni mo kọ́ wọn, ó sì dùn, kódà ọmọ kan tó ń sùn tẹ́lẹ̀ jí. Mo ti ń ka owó oṣù. Ìgbà tí a wọ ọ́fíìsì ni obìnrin kan bi mí pé: "Bí ọmọ kan bá ní òun fẹ́ sọ àṣírí kan fún ọ, àmọ́ kó o ṣèlérí pé o ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, kí lo máa ṣe?" Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní màá ṣèlérí, màá sì mú un ṣẹ, torí bí wọ́n ṣe tọ́ mi, àgbàlagbà kì í tú àṣírí ọmọdé. Obìnrin náà kọ nǹkan sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè mí lọ́jọ́ kejì, mi ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán tí mo ti mọ̀.

Èsì tí wọ́n ń wá ni pé o ò gbọ́dọ̀ ṣèlérí rárá. Wàá gbọ́ ọmọ náà, wàá kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, wàá sì gbé e lọ fún ẹni tó ń bójú tó safeguarding, ìyẹn ìdáàbòbò àwọn ọmọ, lójú ẹsẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà nínú Keeping Children Safe in Education tí ìjọba ń tẹ̀ jáde. Apá kìíní ẹ̀ ni kó o kà kó o tó dé iwájú wọn.

Wò ó, ìwọ ti mọ ìdáhùn yìí. Tí màmá àgbà kan bá fi ojú egbò hàn ọ́, tó ní "má sọ fún ọmọ mi o," ṣé o máa ń dákẹ́? Wọ́n ti dá ọ lẹ́kọ̀ọ́ safeguarding, DBS rẹ, ìwé àyẹ̀wò bóyá èèyàn ti dá ọ̀ràn rí, wà, ojoojúmọ́ lò ń kọ àkọsílẹ̀ tí ẹlòmíràn máa fi ṣiṣẹ́. Èmi ò ní ìkankan nínú ìyẹn nígbà tèmi. Nítorí náà, má fi iṣẹ́ kéà pamọ́ nínú CV rẹ. Kọ ọ́ sábẹ́ ọdún mẹ́sàn-án iṣẹ́ olùkọ́, kí o sì sọ ohun tó fi kọ́ ọ.

Ní ti Lenz, iná tí mágínẹ́ẹ̀tì bá dá sílẹ̀ nínú wáyà máa ń tako ohun tó dá a sílẹ̀. Kẹ́místrì lèmi kà o, mo ṣì rántí. Kò sọ nù lọ́dọ̀ tìrẹ náà, ó sá pamọ́ ni. Wa ìlànà ẹ̀kọ́ (specification) GCSE Físíìsì ti AQA, àjọ ìdánwò kan níbí, jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ìdánwò inú yàrá sáyẹ́ǹsì mẹ́wàá ló wà níbẹ̀ tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe. Mú ọ̀kan lálẹ́ kan, kí o ṣàlàyé ẹ̀ fún bàbá oníná yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì tó yé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Tí ò bá yé bàbá, á sọ fún ọ.

Kí o sì pe màmá lọ́sẹ̀ yìí, kí o sọ ohun tí iṣẹ́ rẹ jẹ́ fún wọn, kí ẹnìkan nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ya fọ́tò ẹsẹ̀ wíwú ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp pé kí dókítà bá òun wò ó.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, apòògùn ni mí, Manchester ni mò ń gbé. Ẹnìkan ní ìdánwò kan ṣoṣo ni mo máa ṣe, bíi tàwọn dókítà, pé tí mo bá lè san £600 fún òun, mo máa di apòògùn níbí láàárín oṣù mẹ́ta. Ṣé kí n san án?
— *Ìyá Ìbejì*

Èsì: Rárá o, Ìyá Ìbejì. Àwọn dókítà gan-an, apá méjì ni PLAB, ìdánwò tiwọn. Ní ti apòògùn tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ìwé rẹ wò, lẹ́yìn náà OSPAP, ẹ̀kọ́ ọdún kan ní yunifásítì fún apòògùn tó kẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ òkèèrè. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀sẹ̀ 52 tí wàá fi kọ́ṣẹ́ lábẹ́ apòògùn tó ti gbàwé, wàá sì tún yege nínú ìdánwò. Ó lé ní ọdún méjì dáadáa. Fi £600 rẹ sápò, inú owó yunifásítì ló máa wọ̀.